Ààtàn Monrovia àti Afẹ́fẹ́ Tí Ojú Kò Rí

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ní Monrovia, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Liberia, ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ lásán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn ará ìlú náà ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọkọ̀ wá kó ìdọ̀tí kúrò lójú títì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dá wọn lóhùn. Ẹrù ìdọ̀tí tí ń dé orí ààtàn lójoojúmọ́ ń pọ̀ sí i, a sì ti ṣètò ààtàn titun lẹ́yìn odi ìlú. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá kúrò lójú, kò túmọ̀ sí pé ọ̀ràn rẹ̀ ti tán. Ohun tí a kó jọ a máa jẹrà. Ohun tí ó bá sì jẹrà a máa tú afẹ́fẹ́ sókè. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn aláṣẹ Monrovia nísinsìnyí ni pé: báwo ni afẹ́fẹ́ náà ti pọ̀ tó, ta ni yóò máa kà á, kí ni a ó sì ṣe sí i kí ó tó bọ́ lọ́wọ́?

Ìtàn ìlú náà ni yóò jẹ́ kí olùgbọ́ mọ bí ọ̀ràn ṣe dé ibi tí ó dé. Ní ọdún 1822 ni a tẹ Monrovia dó sí etí òkun, lẹ́bàá odò Mesurado, a sì fi orúkọ James Monroe, tí í ṣe Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ ọ́. Ìlú kékeré ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní òpin ọdún 1989, àwọn ará ìgbèríko sá wọ olú-ìlú. Nígbà tí ìjà sì parí ní 2003, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sílé mọ́. Ìkànìyàn ọdún 2008 fi hàn pé àwọn olùgbé Monrovia àti àyíká rẹ̀ ti lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 1. Ti ọdún 2022 sì fi hàn pé nínú mílíọ̀nù 5 ó lé díẹ̀ ènìyàn tí ń bẹ ní gbogbo Liberia, ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ ni ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Montserrado, níbi tí Monrovia wà. Ilé pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Ní West Point, ní Clara Town àti ní New Kru Town, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ni kò gba ọkọ̀ akólẹ̀. Nítorí náà ni ìdọ̀tí fi ń lọ sí ojú àgbàrá, sí inú àbàtà, àti sí etí òkun.

Lẹ́yìn ogun, Báńkì Àgbáyé bá Àjọ Ìlú Monrovia dá ọwọ́ lé iṣẹ́ náà. A pa ààtàn àtijọ́ tí ó wà ní Fiamah, láàárín ìlú, tì, a sì ń kó ìdọ̀tí lọ sí Whein Town, ní Paynesville, ìlú tí ó bá Monrovia pààlà. A ṣe ibùdó sí Fiamah àti sí Stockton Creek, níbi tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké lè já ẹrù sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ńlá. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ àdúgbò, tí ọ̀dọ́ pọ̀ nínú wọn, ń fi ọmọlanke àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó ìdọ̀tí láti ojúlé dé ojúlé, àwọn onílé sì ń san owó díẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n a kò ṣe Whein Town fún ọjọ́ pípẹ́. Ó kún, ilé sì yí i ká. Àwọn tí ń gbé nítòsí rẹ̀ kò yé ké sí ìjọba nítorí òórùn, èéfín, àti omi dúdú tí ń ṣàn láti ara ààtàn nígbà òjò. Ní 2017, Báńkì Àgbáyé tún fọwọ́ sí owó mìíràn láti fi ṣe ààtàn titun ní Cheesemanburg, èyí tí a pète láti ṣe dáradára ju ti àkọ́kọ́ lọ: kí a tẹ́ nǹkan sí abẹ́ rẹ̀ tí kì yóò jẹ́ kí omi ìdọ̀tí wọ ilẹ̀, kí a la ojú ọ̀nà fún omi náà, kí a sì máa fi iyẹ̀pẹ̀ bo ìdọ̀tí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ yìí. Ní ìlú tí òjò rẹ̀ pọ̀ bí ti Monrovia, gọ́tà tí ìdọ̀tí dí a máa sọ ilé di adágún. Adágún a máa bí ẹ̀fọn, ẹ̀fọn a máa mú ibà wá; omi ìdọ̀tí tí ó bá sì wọ kànga a máa mú onígbáméjì wá. Ìlú tí ó la àjàkálẹ̀ àrùn Ebola kọjá ní ọdún 2014 àti 2015 mọ ohun tí ìmọ́tótó jẹ́ ju bí a ti lè fi ẹnu sọ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a dín ìkólẹ̀ kù nítorí afẹ́fẹ́ ààtàn kò mọ ohun tí ó ń wí. Kí ìkólẹ̀ máa lọ, kí ó sì máa pọ̀ sí i. Ohun tí ọ̀ràn náà ń béèrè ni kí àwọn tí ń mú iṣẹ́ náà gbòòrò mọ ohun tí wọ́n ń mú gbòòrò pẹ̀lú rẹ̀.

Bí èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé ẹ̀fọ́ àti àjẹkù ìrẹsì bá jẹrà níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon dioxide, irú kan náà tí ènìyàn ń mí síta. Èyí kò fi ohun titun kún ojú ọ̀run, nítorí láti ojú ọ̀run kan náà ni ewéko ti fà á sára ní ìwọ̀nba oṣù sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ìdọ̀tí náà jọ gègèrè, tí katapílà sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí a wá fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, atẹ́gùn kò ní ọ̀nà àtiwọlé mọ́. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín mìíràn, tí kì í fẹ́ atẹ́gùn, ni yóò gba iṣẹ́ náà ṣe. Afẹ́fẹ́ tí àwọn wọ̀nyí ń tú jáde ni methane. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Òórùn tí ń ta lórí ààtàn, ti àwọn afẹ́fẹ́ mìíràn ni. Methane a máa gbiná. Èyí tí ó tún wá le jù ni pé, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, kílò 1 rẹ̀ ń há ooru mọ́ ayé tó bí ìlọ́po 28 ti kílò 1 carbon dioxide. Bí ó bá ṣe ogún ọdún ni a fi wọ̀n ọ́n, ó lé ní ìlọ́po 80. Ìtùnú kan ni ó wà níbẹ̀: kì í pẹ́ lójú ọ̀run. Bí ọdún 12 ni ọjọ́ ayé rẹ̀, nígbà tí carbon dioxide ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tí ó bá dín methane kù lónìí, ọmọ rẹ̀ yóò rí èrè rẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti di àdììtú. Ìwé ìlànà tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2006 kọ́ àwọn orílẹ̀-èdè bí a ṣe ń ṣírò afẹ́fẹ́ ààtàn. Bí a bá da tọ́ọ̀nù 1 àjẹkù oúnjẹ sílẹ̀ lórí ààtàn tí kò jìn, tí kò sí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, ìlànà náà fi hàn pé bí kílò 20 methane ni yóò ti ara rẹ̀ jáde títí yóò fi jẹrà tán. Bí òkìtì náà bá ga tó mítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò di kílò 40. Bí ó bá wá jẹ́ ààtàn tí a ń tọ́jú, tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a sì ń fi iyẹ̀pẹ̀ bò, yóò di kílò 50. Iyẹ̀pẹ̀ tí a fi bò ó lè jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, kí kílò 45 kù. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ààtàn tí ó dára fún imú, tí ó dára fún ojú, tí eṣinṣin kò bò, ni ó ń tú methane jáde jù, bí a kò bá ṣe ètò kankan láti gbà á. Àwọn àgbà ní ìwà bí èéfín ni, kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Èéfín ni wọ́n mọ̀. Ti methane tún ju èéfín lọ, nítorí bí a bá bò ó, ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i.

Ìṣirò tí ó rọrùn lè mú un yéni sí i. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2018 sọ pé ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ènìyàn kan ń da ìdọ̀tí tó bí ìdajì kílò nù lójúmọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an ni 0.46 kílò. Bí ìlú kan bá ní mílíọ̀nù 1 ènìyàn, tọ́ọ̀nù 460 ni èyí lójúmọ́ kan. Bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá rẹ̀ bá jẹ́ àjẹkù oúnjẹ àti ewé, tọ́ọ̀nù 184 nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé orí ààtàn tí a tẹ̀ tí a sì bò, tí kò sí ẹ̀rọ tí ń gba afẹ́fẹ́ rẹ̀, ìdọ̀tí ọjọ́ kan ṣoṣo yóò tú methane tó bí tọ́ọ̀nù 9 jáde kí ó tó jẹrà tán. Agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ti carbon dioxide tí ó ju tọ́ọ̀nù 250 lọ. Ìlú tí ó bá sì gbòòrò láti orí kíkó ìdajì ìdọ̀tí rẹ̀ dé orí kíkó gbogbo rẹ̀ ti sọ methane ààtàn rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Olóòótọ́ oníṣirò yóò yọ èyí tí ìdọ̀tí náà ìbá tú jáde nínú gọ́tà àti nínú àbàtà bí a kò bá kó o kúrò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti yọ ọ́, púpọ̀ ni yóò ṣẹ́kù.

Àwọn kan rò pé èéfín ọkọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà bí iṣẹ́ ààtàn bá gbòòrò. Lóòótọ́ ni ọkọ̀ ńlá ń jó epo dísù, katapílà náà sì ń jó o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kan wé èkejì. Bí ọkọ̀ kan bá jó lítà 20 dísù láti gbé tọ́ọ̀nù 10 ìdọ̀tí dé orí ààtàn, kílò 54 carbon dioxide ni yóò tú jáde, tàbí kí ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀. Bí tọ́ọ̀nù 4 nínú ẹrù náà bá jẹ́ àjẹkù oúnjẹ, kílò 200 methane ni ó gbé sẹ́yìn lọ, èyí tí ó dọ́gba pẹ̀lú carbon dioxide kílò 5,600. Ohun tí ọkọ̀ gbé lé ẹ̀yìn wá ju ohun tí ó tú ní ìdí lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ titun tí kò rú èéfín, tí kò sì ṣe nǹkan kan sí ààtàn, etí odò ni ó ń gbọ́n, kò tí ì dé àárín.

Ọ̀ràn àkókò ni ó tẹ̀ lé e, òun ni ó sì yẹ kí àwọn ẹnjinníà Monrovia fi sọ́kàn jù lọ. Oríṣìíríṣìí ni bí nǹkan ṣe ń jẹrà. Igi lè lo ogún ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó jẹrà. Bébà lè lo bí ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n oúnjẹ, ní ilẹ̀ tí ó gbóná tí òjò sì pọ̀, kì í lo ọdún méjì kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Bí ó bá fi di ọdún karùn-ún, nínú 100 apá afẹ́fẹ́ tí ó lè tú jáde, bí 14 péré ni yóò kù. Monrovia sì wà lára àwọn olú-ìlú tí òjò ń rọ̀ sí jù lọ ní gbogbo ayé. Ohun tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní mílímítà 4,500, ó ju ìlọ́po méjì òjò Èkó lọ. Ohun tí èyí ń wí ni pé ẹni tí ó bá dúró kí ààtàn kún, kí a tì í pa, kí ó tó wá ri páìpù bọ inú rẹ̀ láti gba methane, òkú ààtàn ni yóò máa tọ́jú. Afẹ́fẹ́ oúnjẹ ti lọ tán. Àìtètè mólè ni olè fi ń mú olóko.

Òjò kan náà tún ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe. Ó máa ń wọ inú òkìtì, ó máa ń kún inú páìpù, a sì máa dí ọ̀nà mọ́ afẹ́fẹ́ tí a fẹ́ gbà. Nítorí náà, gọ́tà tí a là sí abẹ́ ààtàn kì í ṣe ti omi nìkan. Iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ni pẹ̀lú. Bí omi bá dúró nínú òkìtì, ewu mìíràn ń bọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ní Conakry, olú-ìlú Guinea tí ó bá Liberia pààlà, òkìtì ìdọ̀tí ya lulẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, ó kéré tán ènìyàn 8 sì kú. Ní oṣù kẹta ọdún náà gan-an, òkìtì Koshe ní Addis Ababa ya, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ti Kiteezi ní Kampala ya, ènìyàn tí ó lé ní 30 sì bá a lọ. Àwọn tí ó kú kì í ṣe ọ̀tá ìmọ́tótó. Aládùúgbò ààtàn ni wọ́n, tàbí àwọn tí ń ṣa irin àti ike lórí rẹ̀ láti jẹun.

Iná náà sì wà níbẹ̀. Níbi tí methane bá ti ń yọ láìsí ẹni tí ń darí rẹ̀, ìtàná sìgá kan tó láti dá ọ̀ràn sílẹ̀. Àwọn ará Èkó kò tí ì gbàgbé oṣù kẹta ọdún 2018, nígbà tí ààtàn Olúsọ́sùn ní Òjòtà gbiná, tí èéfín bo àdúgbò fún ọjọ́ púpọ̀, tí ìjọba sì ní láti tì í fún ìgbà díẹ̀. Iná orí ààtàn kì í ṣe ọ̀nà àtidín methane kù. Lóòótọ́ ni ìdọ̀tí tí ó bá jó kò ní jẹrà mọ́, ṣùgbọ́n ike àti rọ́bà tí ó jó pẹ̀lú rẹ̀ ń tú májèlé jáde, ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọdé ni ó sì ń lọ.

Àwọn kan yóò béèrè, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè, pé kí ni ó kan Liberia nínú gbogbo èyí. Orílẹ̀-èdè kékeré ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó mú ayé gbóná kò sí lórí ilẹ̀ rẹ̀. Bí ìdá 40 nínú 100 igbó kìjikìji tí ó ṣẹ́kù ní ìhà etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní Liberia ni ó wà, igbó náà sì ń bá gbogbo ayé fa afẹ́fẹ́ búburú mọ́ra. Kí ló dé tí ìlú tí kò tí ì rí ọkọ̀ tó láti kó ìdọ̀tí rẹ̀ yóò tún máa ka afẹ́fẹ́ fún àwọn ọlọ́rọ̀?

Ìdáhùn kan ni pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá rí ni í pa. Nígbà tí òkun bá ru sókè sí West Point, kò ní béèrè ẹni tí ó dá iná. Ìdáhùn kejì lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ: ara Whein Town ni yóò kọ́kọ́ jèrè ìṣirò náà, kì í ṣe ara Lọ́ńdọ́nù. Òkìtì tí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí omi rẹ̀ ń ṣàn jáde, tí methane rẹ̀ ń gba ojú páìpù, kì í gbiná bí èyí tí a pa tì, kì í sì í tètè ya lu ènìyàn. Ìdáhùn kẹta jẹ mọ́ owó. Ní 2021, ìjọba Liberia kọ̀wé sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé títí di 2030 òun yóò fi ìdá 64 nínú 100 dín afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná kù sí iye tí ìbá jẹ́ bí a kò bá ṣe nǹkan kan. Ìdá 10 ni yóò fi agbára ara rẹ̀ ṣe. Ìdá 54 yòókù dúró lórí ìrànlọ́wọ́ láti òkèèrè. Ní ọdún náà gan-an, ní Glasgow, Liberia àti Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí àdéhùn pé kí gbogbo ayé jùmọ̀ fi ìdá 30 nínú 100 dín methane kù sí ti 2020, kí 2030 tó dé. Olùrànlọ́wọ́ kì í sì í tú àpò fún ẹni tí kò lè fi iye hàn.

Iye náà kò ṣòro láti rí, bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ààtàn. Ohun àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ńlá tí ọkọ̀ ń gùn, kí a mọ tọ́ọ̀nù tí ó wọlé, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́ láìfo ọjọ́ kan. Ohun kejì ni kí a máa tú ẹrù ọkọ̀ díẹ̀ yẹ̀ wò ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a mọ ìdá tí ó jẹ́ oúnjẹ, èyí tí ó jẹ́ bébà, àti èyí tí ó jẹ́ ike. Ike kò ní methane. Oúnjẹ ni ó ni ín. Ohun kẹta ni kí a kọ ìjìnlẹ̀ òkìtì sílẹ̀, ọjọ́ tí a bò ó, àti ọjọ́ tí iná bá mú un. Bí ìwé wọ̀nyí kò bá sí, ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yóò fi iye àgbọ́kànlé sí i, kílò 30 lórí tọ́ọ̀nù oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, láìwo bóyá ìlú náà ṣe dáradára tàbí kò ṣe é. Ìlú tí ó bá ṣe iṣẹ́ rere láìkọ ọ́ sílẹ̀ kò ní rí ẹni tí yóò yìn ín.

Lẹ́yìn ìṣirò ni iṣẹ́ ọwọ́. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí oúnjẹ má tilẹ̀ dé orí ààtàn. Ní ọjà Duala, ní Waterside, ní Omega, ewé àti èèpo ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn obìnrin ọlọ́jà ń gbá jọ ní ìrọ̀lẹ́. Bí a bá kó o lọ́tọ̀, tí a ń yí i padà kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, ajílẹ̀ ni yóò dà, àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ìlú yóò sì rí i lò. Àwọn tí ń ṣa nǹkan lórí ààtàn náà yóò rí irin àti ike tí kò dọ̀tí, tí owó rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń kó ìdọ̀tí lójúlé mọ àwọn oníbàárà wọn lórúkọ. Àwọn ni ó lè kọ́ ìyá ilé bí a ṣe ń ya èèpo sọ́tọ̀ kúrò lára ike.

Fún èyí tí kò ní ṣàì dé orí ààtàn, ọ̀nà méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni kí a gbé páìpù kalẹ̀ bí òkìtì ti ń ga lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá kún, kí a fa methane jáde, kí a sì dáná sun ún lójú páìpù. Bí ó bá ti jó, carbon dioxide lásán ni ó kù, èyí tí ewéko ti gbà tẹ́lẹ̀. Níbi tí ó bá pọ̀ tó, ó lè yí ẹ̀rọ amúnáwá. Ọ̀nà kejì wá láti Fukuoka ní Japan, níbi tí àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àjọ ìlú ti jùmọ̀ hùmọ̀ rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Páìpù ńlá ni a ń tẹ́ sí abẹ́ òkìtì, a fi òkúta yí i ká, a sì ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Omi ń gba ibẹ̀ jáde, atẹ́gùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀, kílò 25 methane péré ni tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ń tú jáde, dípò 50. Kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá. Lẹ́yìn ìjàǹbá Koshe, a gbé ọ̀nà yìí lọ sí Addis Ababa láti fi tún òkìtì náà ṣe.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ Monrovia jù wà ní Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Láti 1965 ni a ti ń da ìdọ̀tí sí Akouédo, ó sì ju àádọ́ta ọdún lọ kí a tó pa á tì. A ṣí ààtàn titun, tí a fi ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ṣe, sí Kossihouen ní 2018, a sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Akouédo láti gba afẹ́fẹ́ ibẹ̀, kí a sì sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ohun tí ó dára ni èyí, ṣùgbọ́n àádọ́ta ọdún afẹ́fẹ́ ti lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Monrovia kò ní láti dúró tó bẹ́ẹ̀. Ààtàn Cheesemanburg jẹ́ titun, ohun tí a bá sì ṣe níbẹ̀ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni yóò pinnu púpọ̀ nínú ohun tí yóò tú sókè.

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí. Lóòótọ́ ni, ohun gbogbo tí a bá gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n kì í gbà á dì í mọ́ inú. Ohun tí ìjọba Liberia, Àjọ Ìlú Monrovia, ti Paynesville, àti àwọn tí ń yá wọn lówó yóò jíròrò lé lórí ni pé kí owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ àti katapílà má ṣe fi ti ìwọ̀n, ìwé àkọsílẹ̀ àti páìpù sílẹ̀. Bí a bá fi ti àwọn wọ̀nyí di ọdún tí ń bọ̀, oúnjẹ tí a dà nù lónìí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìpinnu kan náà ni ó sì wà níwájú Èkó, Ìbàdàn, Kútọnu àti Lomé, níwọ̀n ìgbà tí ìwádìí ọdún 2018 ti sọ pé ìdọ̀tí ìhà gúúsù Sàhárà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta kí ọdún 2050 tó dé. Ìlú tí ó bá kọ́ láti wọn ìdọ̀tí rẹ̀ lónìí ni yóò lè ṣàkóso rẹ̀ nígbà náà.